Kí ló dé tí àwọn Emberá fi ń fi ọfà ra ẹ̀yìn àkèré?

Ẹnìkan rí fọ́tò ọdẹ kan láti ẹ̀yà Emberá, tó ń gbé inú igbó ní Kòlóḿbíà, tó ń fi ọfà ra ẹ̀yìn àkèré aláwọ̀ yẹ́lò, ó wá bi wá pé ṣé ètùtù ni. Rárá o. Iṣẹ́ ọdẹ ni. Oró ọfà ló ń gbà. Àwọn ọdẹ tiwa náà máa ń fi oró sẹ́nu ọfà láyé àtijọ́, àmọ́ lára ewéko ni wọ́n ti ń rí tiwọn.

Phyllobates terribilis lorúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún àkèré náà lọ́dún 1978. Inú igbó kìjikìji lẹ́bàá odò Saija, lápá òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti bá a. Àwọn Emberá kúkú ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó pọ́n bí ìyeyè, bẹ́ẹ̀ oró ara ẹyọ kan ṣoṣo tó láti pa bí èèyàn 10.

Bí ọdẹ bá ti mú un láàyè, á fi ẹnu ọfà tín-ín-rín ra ẹ̀yìn rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó parí. Á ki ọfà náà bọ inú ọ̀pá gígùn oníhò, á sì fi ẹnu fẹ́ ẹ lu ẹran. Oró yẹn lè wà lẹ́nu ọfà ju ọdún kan lọ. Gbígba oró lára àwọn ìbátan rẹ̀, P. bicolor àti P. aurotaenia, ló le díẹ̀: oró wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe ń fi igi gún wọn, tí wọ́n ń yá wọn níná kí oró lè là jáde bí òógùn. Ó ká mi lára, ṣùgbọ́n ọdẹ ń wá ẹran. Àwọn àkèré aláràbarà yòókù tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn ni kò bá ọfà ṣe rárá.

Batrachotoxin ni wọ́n ń pe oró náà. Ojú ọ̀nà tí iyọ̀ sodium ń gbà wọ inú iṣan, tó yẹ kó máa ṣí kó sì máa tì, á wà ní ṣíṣí gbayawu. Iṣan á le gan-an, ìlùkìkì ọkàn á dàrú, ọkàn á sì dákẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àkèré yìí kì í dá oró ṣe. Èyí tí wọ́n bí sínú ilé, tí wọ́n ń fún ní eṣinṣin jẹ, kò lóró kankan. Ẹ lè gbé e sọ́wọ́. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹ nínú igbó ló ti ń kó o jọ. Ní erékùṣù New Guinea lọ́hùn-ún, ẹyẹ pitohui ní irú oró yìí nínú ìyẹ́ rẹ̀, lára kòkòrò Choresine tó ń jẹ ló sì ti ń rí i.

Àwọ̀ àkèré náà ni ìkìlọ̀ fún ẹranko tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń fò kiri lọ́sàn-án gangan láìsá pamọ́. Ejò kan, Erythrolamprus epinephalus, kò ka ìkìlọ̀ náà sí: ó ń jẹ àwọn ọmọ àkèré náà, oró náà kò sì pa á.