Òkúta Gbá Abẹ́ Mọ́tò Mi

Ẹ bi ọ̀gá mẹkáníìkì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí. Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n abúlé kan ní Òkè-Ògùn wa níbí ni ilé-ìwé wa wà, ọ̀nà amọ̀ la sì fi ń débẹ̀. Òjò ti gbẹ́ ọ̀nà náà jálajàla. Camry 2007 ni mo ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òkúta kan gbá abẹ́ rẹ̀ gbàù. Mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ọ́ìlì kò jò, mo bá tèmi lọ. Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n jó irin mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó tún ní òun á fi ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì àlòkù, kun gbogbo abẹ́ rẹ̀ kó má baà dípẹtà. Ṣé kí n gbà?
Ìyá Ìbejì, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú iṣẹ́ ọmọ ẹlẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ irin sílẹ̀ ná. Ẹ má tíì gbé mọ́tò yẹn lọ síbì kankan mọ́ títí wọn yóò fi fi jáàkì gbé e sókè, kí wọ́n wo ìdí sọ́mpù. "Ọ́ìlì kò jò" tí ẹ kọ yẹn ló já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín.

Sọ́mpù ni abọ́ tó gba ọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Asẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí abọ́ náà, ẹnu asẹ́ yìí ni pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì lọ sókè. Òkúta lè tẹ abọ́ náà wọnú láì dá a lu. Irin tó tẹ̀ á wá lọ dí ẹnu asẹ́. Ẹ wo ilẹ̀, kò sí ọ́ìlì níbẹ̀. Ẹ fa géèjì, ọ́ìlì pé. Síbẹ̀ pọ́ǹpù ò rí i fà tó, àwọn irin tó ń yí lókè ń họ ara wọn jẹ gbígbẹ.

Ojú mi ló ṣe. Ní 2011, ọkùnrin kan gbé Corolla wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn lẹ́yìn tó já sí gálọ́ọ̀pù. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo rí i pé sọ́mpù tẹ̀ díẹ̀. Mo fa géèjì, mo ní kò sí nǹkan kan, kó máa lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n wọ́ ọ padà wá, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ìgbà tí mo tú sọ́mpù, mo rí asẹ́ tó ti wọ́ pẹlẹbẹ. Èmi ni mo lọ ra ẹ́ńjìnnì míì ní Ararọ̀mí, ní Agodi Gate, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gbé ọkùnrin náà lọ sọ́nà. Láti ọjọ́ náà, sọ́mpù tó bá ti tẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, mo máa ń tú u ni.

Bí òkúta bá tún gbá a lọ́jọ́ iwájú, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Ẹ má dúró de iná ọ́ìlì pupa. Bí iná yẹn bá tàn, ẹ má wà á dé ilé, bí ilé tilẹ̀ wà ní ìtòsí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ.

Ó wá kan irin. Òtítọ́ ni mẹkáníìkì yín sọ pé ẹ nílò rẹ̀. Camry yẹn kò ga sílẹ̀, díẹ̀ ló fi ju íǹṣì 5 lọ, kó tó wá di pé èèyàn àti ẹrù wọnú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má jó o mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa pe alájórin wá gé e kí ẹ tó pààrọ̀ ọ́ìlì? Iná ìjórin sì lè ba kọ̀ǹpútà mọ́tò jẹ́. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é, mọ́ irin gbọọrọ tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Kì í ṣe mọ́ bọ́ńpà, kì í sì í ṣe mọ́ ibi tí rédíétọ̀ jókòó sí. Kí irin náà nípọn tó mìlímítà 2 sí 3, torí èyí tó fẹ́lẹ́ á tẹ̀ lọ bá sọ́mpù tí a ní kó dáàbò bò. Kí ìka mẹ́ta lè wọ àárín òun àti sọ́mpù. Kí iwájú rẹ̀ ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi, kó lè yọ́ gorí òkúta dípò kó fi eyín kọ́ ọ. Kí wọ́n lu ihò sí i fún afẹ́fẹ́, àti ihò kan ní ọ̀gangan ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì nù. Ẹ máa fọ ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Koríko gbígbẹ tó bá há sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàláńsà lè gbiná.

Ẹ tún béèrè ike dúdú tó bá mọ́tò wá lábẹ́ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì la máa ń jù ú nù torí pé títú rẹ̀ ń gba àkókò, ó sì ń dùn mí. Kò lè gba òkúta dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń lé omi ẹrẹ̀ kúrò lára bẹ́líìtì, ó sì ń ran afẹ́fẹ́ rédíétọ̀ lọ́wọ́.

Ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ńkọ́? Ẹ má gbà á láyè rárá. Ó ń jẹ rọ́bà búùṣì, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, bó bá sì kan bíréékì, ẹ̀mí ni wọ́n ń fi ṣeré yẹn. Ilẹ̀ tí ẹ ti ń pọn omi kànga ni yóò sì máa kán sí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò mi kú sínú àgbàrá ní Lẹ́kkí láàárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ àdúgbò ní kí n máa tanná sí i títí á fi gbà. Mi ò tíì dán an wò.
Àkànní, Èkó

ÌDÁHÙN: Àkànní ọmọ mi, ọpẹ́ ni pé o ò gbọ́ tiwọn. Bí omi bá ti gba ojú ihò afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, písítìnì ò lè fún un pọ̀ bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́, kọ́ń-rọ́ọ̀dù, irin tó di písítìnì mú, ni yóò wọ́. Jẹ́ kí wọ́n tì í jáde. Kí mẹkáníìkì wo fílítà afẹ́fẹ́, bó bá tutù, kó yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kó tó yí ẹ́ńjìnnì, kí omi lè tú jáde. Lẹ́yìn náà, fa géèjì. Bí ọ́ìlì bá ti rí bíi tíì onímílíìkì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Dà á nù, pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì, rọ tuntun sí i, kí o tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.