Èsì: Kọfí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oorun tí ò wá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ̀ ń mu kọfí ife mẹ́ta lójúmọ́, ìkẹyìn ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ẹ sì ń jẹ obì lé e, ẹ̀jẹ̀ ríru wà, oorun ò sì kùn yín mọ́, ṣé kẹ́ ẹ jáwọ́. Kò tíì dé ibẹ̀ yẹn jàre. Kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (BP) sókè fún wákàtí mélòó kan, pàápàá fún ẹni tí kò mọ́ lára, torí náà ẹ wọn BP yín kẹ́ ẹ tó mu ún, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 45, tó bá fò sókè gan-an ẹ sọ fún dókítà yín. Ti oorun, ife aago 6 ìrọ̀lẹ́ yẹn lọ̀tá yín o, ìdajì kaféènì ẹ̀ ṣì lè wà lára lẹ́yìn wákàtí 5, èmi náà jẹ̀yà ẹ̀ rí, mo ń ka pákó àjà títí àkùkọ fi kọ. Obì tẹ́ ẹ sì ń jẹ lé e, kaféènì náà ló wà nínú ẹ̀! Àgbàlagbà tára ẹ̀ dá, kí kaféènì ẹ̀ má kọjá miligíráàmù 400 lójúmọ́, aláboyún 200. Kọfí ṣe ẹ̀dọ̀ lóore sha, àtọ̀gbẹ kì í sì tètè mú àwọn tó ń mu ún, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ da ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sí o.