Fiche kì í ṣe ìwé ìbí: ìdáhùn fún bàbá ìkókó ní Kétu

Bàbá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á dá a sí, á wò ó fún yín. Ẹ ní agbẹ̀bí ń béèrè orúkọ tí yóò kọ sínú fiche, ìwé pélébé tí ilé ìgbẹ̀bí ń fúnni, ìyá yín ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọkùnrin kó tó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀rẹ́ yín sì ní kí ẹ kàn tọ́jú fiche náà, ó di ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé. Ìyá yín ò jẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ yín ni kí ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ohun tí fiche sọ kò ju pé obìnrin báyìí bí ọmọ kan, lọ́jọ́ báyìí, láago báyìí. Ẹ̀yin lẹ ó gbé e lọ sí arrondissement, ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò, kí wọ́n tó kọ ọmọ sínú ìwé ìjọba, kí wọ́n tó fún yín ní acte, ìyẹn ìwé ìbí gan-an. Carnet abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kì í ṣe acte, bó ti wù kí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀ tó. Mo mọ àwọn tó kó fiche pọ̀ mọ́ aṣọ ìkókó nínú báàgì títí ọmọ fi dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí olùkọ́ ní kí wọ́n mú acte wá fún ìdánwò CEP ni ojú wọn tó là.

Òfin ọdún 2004 nílẹ̀ Benin wa fún òbí ní ọjọ́ 10 péré. Nílé wa, ọjọ́ keje la ń sọ obìnrin lórúkọ, ọkùnrin ọjọ́ kẹsàn-án, ìbejì ọjọ́ kẹjọ. Ẹ wò ó, nígbà náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́ kù fún bàbá ọmọkùnrin, ọjọ́ tí gbogbo ilé ṣì ń fọ ìkòkò ìkómọ! Wọ́n ti fi kún ọjọ́ 10 náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí i pé ó gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la. Tí àkókò bá kọjá, ọ̀rọ̀ á kúrò lọ́wọ́ arrondissement, á di ti ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tiwa ní Kétu sì ń bẹ ní Pọbẹ̀. Ẹ fi owó ọkọ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ ó pa tì lé e.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìyá yín, ọkọ mi ló kọ́ mi ní èyí. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, ó kọ orúkọ sórí ìwé pélébé ní lẹ́tà ńlá, ó ká a, ó fi lé agbẹ̀bí lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó. Kò sọ nǹkan kan, nítorí kò sẹ́ni tó fẹnu pe orúkọ. Tí ẹbí ò bá tíì fẹnu kò lórí orúkọ, ẹ bẹ agbẹ̀bí kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo, kí ẹ wá mú orúkọ lọ sí arrondissement fúnra yín. Ẹ má ṣáà ní kó kọ èyí tó bá wù ú. Ládùúgbò wa, ọmọ ìdílé mùsùlùmí kan wà tí wọ́n bí lásìkò Àjíǹde. Nílé, Ràṣídì ni. Lórí acte, Pascal ni, orúkọ Àjíǹde tí agbẹ̀bí kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ pe Pascal, ọmọ náà ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni.

Ibi tí wàhálà tèmi ti wá gan-an ni lẹ́tà. Orúkọ ìdílé ọkọ mi ní Ṣ nínú. Àwọn akọ̀wé wa, etí ni wọ́n fi ń kọ orúkọ Yorùbá ní Faransé: ẹnìkan á fi CH sí i, ẹnìkan á fi SH, ẹlòmíràn á kọ S lásán. Ti àkọ́bí mi, CH. Ti àbúrò rẹ̀, akọ̀wé ti kọ S, ó ti lu òǹtẹ̀ kí n tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó wo káàdì bàbá ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà o! Nígbà tí bàbá wọn kó ìwé àwọn ọmọ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n bi í pé ọmọ ta ni èkejì yìí. Pọbẹ̀ la ti lọ tún un ṣe, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí acte, akọ̀wé ò lè fi báírò yí i padà mọ́.

Nítorí náà, ẹ mú CIP, ìwé ìdánimọ̀, ẹ̀yin méjèèjì dání, kí ẹ sì fi báírò sàmì sí abẹ́ orúkọ lórí fọ́tókópì rẹ̀. Orúkọ ìyá ọmọ, bó ṣe wà lórí ìwé tirẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ ọkọ. Kí akọ̀wé tó fọwọ́ kan òǹtẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kà á. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí kan ọjọ́ ìbí àti ìlú. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín á pòṣé. Ẹ jẹ́ kó máa pòṣé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí tó jẹ́ pé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ, ibi tí wọ́n ti bí ọmọ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ parí rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ padà sí Kétu.

Acte ayé ìsinsìnyí, ti ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ti ìjọba, nọ́ńbà ọmọ fúnra rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NPI. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn carnet ọmọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní acte àtijọ́ náà, ẹ lè béèrè tuntun fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe fọ́tókópì dáadáa, kí ẹ fi ojúlówó sínú ike, kí ẹ má fún iléèwé kankan ní ojúlówó, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn á dá a padà lọ́la.