Terminal ń rí module, Apache ò rí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní script Perl yín ń ṣiṣẹ́ ní terminal àmọ́ tó jẹ́ error 500 nìkan ló ń jáde ní bráúsà tí Apache (ètò tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde lórí sáfà) bá ṣí i, tẹ́ ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ tún DBI, module (àkójọ kóòdù) tí Perl fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, gbé sórí sáfà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e sí i lọ́jọ́ tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin náà ni cpanm, ètò tó ń gbé module Perl wọlé, ń fèsì pé "is up to date" (tuntun rẹ̀ ti wà níbẹ̀), bẹ́ẹ̀ epo ń tán lọ nínú jẹnẹrétọ̀.

Lágere, Ilé-Ifẹ̀ níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mo kọ script fún kí wọ́n lè máa wo owó wọn, a kó o kúrò lórí sáfà àtijọ́ bọ́ sórí Ubuntu tuntun, kílẹ̀ tó mọ́ wàhálà ti dé. Ìyá aláṣọ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó na fóònù sí mi lójú: "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà péré ló kù nínú owó mi ni?" Àṣé "500 Internal Server Error" ló ń kà. Mo ṣàlàyé títí, kò gbà.

Mo pe àwọn tá a ra àyè sáfà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó gbé fóònù ní kí n chmod 777 (kí n fún gbogbo èèyàn láṣẹ lórí script náà), nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́ ó ní kí n ra plan tó tóbi jùyẹn lọ. Kò tiẹ̀ bi mí pé kí ni error log (fáìlì tí Apache ń kọ àṣìṣe sí) sọ! Ẹ má dán 777 yẹn wò o, ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí sáfà náà á lè kọ ohun tó wù ú sínú script yín, tí suEXEC, ẹ̀ṣọ́ Apache tó ń yẹ script wò, bá sì wà níbẹ̀, á kọ̀ jálẹ̀ láti ṣí i.

Ìgbà tí mo wo /var/log/apache2/error.log lojú mi là: "Can't locate DBI.pm in @INC", @INC ni àwọn fódà tí Perl ti ń wá module, gbogbo fódà tó tò síbẹ̀, kò sí ti home mi (fódà tèmi lórí sáfà) nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni cpanm sì kó DBI sí torí mi ò lo root, àṣẹ ọ̀gá sáfà. PERL5LIB tó ń júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún Perl, inú .bashrc mi (fáìlì tí terminal mi máa ń kà) ló wà, Apache kì í ka .bashrc ẹnikẹ́ni, www-data lorúkọ tó ń jẹ́ lórí Ubuntu, kì í ṣe èmi. Mo fi use lib, ìlà tó ń sọ fódà tí Perl máa wò, júwe home mi nínú script, ló bá di "Permission denied"! Láti Ubuntu 21.04 ni àṣẹ home tuntun ti ń jẹ́ 750, ẹlòmíì ò lè wọbẹ̀. Odidi òru kan ni ìyẹn nìkan gbà mí. Ìgbà tí mo fi cpanm -l gbé e sí /opt/perlmods, tí mo kọ use lib '/opt/perlmods/lib/perl5' sókè script, ló tó gbọ́.

Kò tán o. Ajeseku.pm tí mo kọ fúnra mi, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ script gan-an, Perl ò rí ìyẹn náà, torí láti Perl 5.26 ní 2017 ni wọ́n ti yọ "." (fódà téèyàn wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́) kúrò nínú @INC. FindBin, module tó ń wá fódà tí script wà, ló yanjú ẹ̀. CGI.pm, module tí script wẹ́ẹ̀bù máa ń lò, náà ti kúrò nínú Perl láti 5.22, ẹ lọ gbé e sí i fúnra yín. Àwọn tó ń kọ́ wa ní fídíò ò ní sọ èyí, ìwé àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń kà.

Tiyín, ẹ fi sudo -u www-data perl -c dán an wò, á yẹ script wò lórúkọ Apache. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ script náà, bóyá perl tó wà níbẹ̀ ni which perl ń sọ. Tẹ́ ẹ bá fi fatalsToBrowser, tó ń gbé àṣìṣe jáde sí bráúsà, wo error, ẹ yọ ọ́ ní kíá, kì í ṣe gbogbo ayé ló yẹ kó mọ fódà yín. Ẹ kọ ìlà tẹ́ ẹ bá rí nínú error log wá ká jọ wò ó, àmọ́ ẹ yọ password dátábéèsì kúrò ná.