Kí ni mo lè fi tọ́jú eczema lára ọmọ oṣù márùn-ún?

Eczema kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ràn. Awọ ọmọ náà ni kò lè di omi ara rẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tó fi ń gbẹ, tó sì ń yún un. Ìpara ni olórí ìtọ́jú. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà wẹ̀ ẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹ má sì fi kànìnkànìn ha á. Kí ara rẹ̀ tó gbẹ tán, ẹ ti fi Vaseline pa á níbi gbogbo, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọṣẹ dúdú le jù fún irú awọ bẹ́ẹ̀, ohun yòówù kí ìyá àgbà sọ.

Bó bá wú tó ń yún un gan-an, dókítà lè ní kí ẹ fi hydrocortisone 1%, ìpara oògùn tó ń dín wíwú àti yíyún kù, pa á fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín ra ìpara tó ní clobetasol, oògùn irú kan náà tó le ju hydrocortisone lọ fíìfíì, lọ́jà. Ó lágbára jù fún ọmọ ọwọ́, ó máa ń mú kí awọ fẹ́lẹ́, ó sì lè wọnú ẹ̀jẹ̀.

Tí ojú ibẹ̀ bá ń ṣomi tàbí tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.