Fóònù tó fún ìwé kíkà, àmọ́ kọ̀ǹpútà ṣì níṣẹ́ tirẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ béèrè bóyá ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ NOUN, ìyẹn National Open University of Nigeria, yunifásítì tí èèyàn ti lè kàwé láti ilé, lè fi fóònù Android nìkan kàwé, tàbí kí ẹ ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ yín kí ẹ fi ra láptọ̀ọ̀pù. Níbẹ̀ lèmi náà ti gboyè, mo ń tajà ní Bódìjà nígbà yẹn, orí fóònù ni mo ti ka èyí tó pọ̀ jù. Ẹ má tíì ta nǹkan kan.

Ọ̀fẹ́ ni NOUN kó àwọn ìwé kọ́ọ̀sì sí orí ìkànnì wọn, PDF ni wọ́n. Kí ó dáńlóòdù ti gbogbo kọ́ọ̀sì sáà náà lẹ́ẹ̀kan náà, lóru tí dátà máa ń pọ́ọ́kú, kó sì ṣe ẹ̀dà wọn sórí mẹ́mórì káàdì. Látìgbà náà, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó kàwé. Tó bá fẹ́ kà, kó ti dátà pa, kó dá fóònù dùbúlẹ̀ kí lẹ́tà lè tóbi. Mo tẹnu mọ́ dátà yìí gan-an, torí bí WhatsApp bá ti ń dún, èèyàn á wà lójú ewé kan náà fún wákàtí kan.

Ẹ ra ìwé àjákọ fún un pẹ̀lú. Inú ìwé kọ́ọ̀sì NOUN ni ìbéèrè ìdánrawò wà. Tó bá ka apá kan tán, kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi bírò kọ ìdáhùn láìwo ẹ̀yìn. Ibi tí ohun tó kà ti ń wọ orí nìyẹn. Ìdí mìíràn wà: nígbà tèmi, láti ipele 300 lọ sókè, bírò àti ìwé la fi ń ṣe ìdánwò. Ẹni tó ti fi ọdún méjì tẹ fóònù láìkọ nǹkan, ọwọ́ á máa ro ó kí ìbéèrè kejì tó parí.

Ti ipele 100 àti 200, orí kọ̀ǹpútà ni, ní sẹ́ntà ìkẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí fún ọmọ tó mọ fóònù nìkan nìyí. Mo rí ọmọ tó mọ ìdáhùn, tó ń wá lẹ́tà kiri lórí kíbọ́ọ̀dù, tí aago sì ń lọ. Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, kó lọ máa fi máòsì àti kíbọ́ọ̀dù dánra wò ní káfè. Owó kékeré ni.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA ṣeé ṣe lórí fóònù, máàkì 30 nínú 100 ló wà níbẹ̀. Kó tètè ṣe é, torí ìkànnì máa ń wúwo lọ́jọ́ tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n tì í. Ìdáhùn tí wọ́n ń pín kiri nínú gúrúùpù WhatsApp, kó má fọkàn tán an. Èyí tí mo fi wé ìwé kọ́ọ̀sì nínú wọn, àṣìṣe kún inú rẹ̀. Tó bá sì wọ ìpàdé Zoom, kó pa fídíò, kó máa gbọ́ ohùn nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dátà á gbẹ.

Ibi tí fóònù ti kọ̀ fún mi ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Mo fi Google Docs tẹ orí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn dára, torí bí wọ́n bá jí fóònù, iṣẹ́ ṣì wà nínú àkáǹtì. Àmọ́ títo táábù, nọ́ńbà ojú ewé àti orúkọ àwọn ìwé tí mo lò, kò ṣeé ṣe lójú fóònù. Kọ̀ǹpútà la ń lò fún un, ọdún tó kẹ́yìn sì ni. Torí náà, ẹ fi ẹ̀rọ yín ránṣọ, kí ẹ máa dá owó láptọ̀ọ̀pù alòkù sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣì ní àkókò dáadáa.