Èsì: Òwú ni àbí kílíìpù fún ọ̀pá àpò òróòro?

Ẹ kú àníyàn màmá, sà. Pé dókítà tó fẹ́ yọ àpò òróòro wọn fẹ́ fi òwú so ọ̀pá àpò náà (ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí òróòro ń gbà wọ inú àpò, tó sì ń gbà jáde) dípò kílíìpù (ìdè kékeré tó ń fún un pa) kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣọ́wó ná. Bó bá ti mọ́ dókítà náà lọ́wọ́, òwú ń dí i pa bíi kílíìpù. Kìkì pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀: títa kókó láti ojú ihò kékeré gba sùúrù.

Bí ọ̀pá náà ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu. Bó bá tín-ín-rín, kílíìpù onírin titanium tó. A sábà máa ń fi méjì sí apá tó kù nínú ara, ọ̀kan sí apá àpò, ká tó gé àárín. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá ti mú un wú, ẹnu kílíìpù lè má ká a tán, ibẹ̀ sì ni òróòro máa ń gbà jò. Òwú dára níbẹ̀, tàbí kílíìpù oníke tó ń kọ́ ẹnu ara rẹ̀ pa. Mo fẹ́ràn oníke yẹn, àmọ́ a gbọ́dọ̀ rí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pá ká tó tẹ̀ ẹ́, kó má baà há nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jùyẹn lọ ni kí wọ́n má ṣèèṣì dí ọ̀nà òróòro ńlá, èyí tó ń gbé òróòro láti ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun. Ẹ bi dókítà bó ṣe máa ń dá méjèèjì mọ̀ kó tó gé ohunkóhun.

Lẹ́yìn tí màmá bá délé, bí inú rírun bá ń le sí i, tàbí ibà dé, tàbí ẹyinjú wọn di àwọ̀ ìyeyè, ẹ gbé wọn padà lọ́jọ́ náà gan-an.